Ọmọ Ẹṣin tí a Ṣẹ̀ṣẹ̀ Já Lẹ́nu Ọmú: Ẹ̀kọ́ lórí Ìtọ́jú àti Ìbáwí

Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, a ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ kan tí olúkúlùkù lè mú lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí ọmọ ẹṣin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú: ìdí tí ó fi máa ń bunijẹ, tí ó fi ń tapá, tí ó fi ń kọ okùn, àti bí a ṣe lè tọ́ ọ tí kò fi ní ya aláìgbọràn, tí a kò sì ní ba ọkàn rẹ̀ jẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó pa ẹṣin àti ọmọ Kàbà pọ̀. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé ilẹ̀ Òkun kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Igbó àti etí odò wa jẹ́ ibùgbé eṣinṣin tsetse, tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì ń fi àìsàn aṣekúpani sí i lára. Àwọn baba ńlá wa kì í sábà sin ẹṣin. Ẹṣin ni ó wá bá wọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà ń gun ẹṣin wá kó àwọn ènìyàn Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà lẹ́rú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, tí Goldie ṣáájú, gba Lọ́kọ́ja dé Kàbà kí wọ́n tó kọjú sí Bídà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Nítorí náà, nínú ìtàn ilẹ̀ wa, ìró pátákò ẹṣin jẹ́ ìró ẹ̀rù.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹṣin wà ní Ìlọrin àti ní Bídà fún ayẹyẹ ọdún. Ó wà ní Kàdúná, ní Kánò àti ní Èkó fún eré pólò. Àwọn ọmọ wa ń gbé ìlú wọ̀nyí. Àwọn mìíràn wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń sin ẹṣin. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹṣin nínú wọn yóò rí ohun tí yóò lò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí kò sì ní í fọwọ́ kan ẹṣin láéláé, bí ó bá ti jẹ́ òbí, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí olùkọ́, yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣàdédé sọ pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀.

Kókó ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìwà burúkú lára ọmọ ẹṣin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú jẹ́ ìbànújẹ́, ẹ̀rù, àti agbára tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀nà hàn. Ẹni tí ó bá lù ú nítorí ìbànújẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi í sílẹ̀ láìkọ́ nítorí pé àánú rẹ̀ ń ṣe é, òun náà ṣẹ̀ ẹ́.

OHUN TÍ Ọ̀DỌ́ ẸṢIN PÀDÁNÙ

Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni abo ẹṣin fi ń lóyún. Bí ó bá bí ọmọ rẹ̀ tán, ọmọ náà a máa dìde dúró láàárín wákàtí kan tàbí méjì, a sì máa wá ọmú ìyá rẹ̀ kiri. Láti ìgbà náà lọ, ara ìyá ni oúnjẹ rẹ̀, òun ni ààbò rẹ̀, òun náà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá bu ìyá rẹ̀ jẹ jù, ìyá a yí kúrò, tàbí kí ó fi eyín kìlọ̀ fún un. Bí ó bá fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ ẹṣin àgbà, a máa na ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, a máa la ẹnu, a máa pa á dé, léraléra, bí ẹni ń jẹ nǹkan tí kò sí lẹ́nu. Àwọn tí ń sin ẹṣin mọ ìwà yìí dáadáa, wọ́n kà á sí ọ̀nà tí ọmọdé ẹṣin fi ń sọ fún àgbà pé, “Ọmọdé ni mí, ẹ má bínú sí mi.” Ìdọ̀bálẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

Bí ènìyàn kò bá dá sí i, ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò já ọmọ lẹ́nu ọmú díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọmọ náà bá tó bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, tí oyún mìíràn sì ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ènìyàn kì í sábà dúró dìgbà náà. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹṣin ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ náà a máa yán láti òwúrọ̀ di alẹ́. A máa sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Oúnjẹ kì í wù ú, ara rẹ̀ a sì máa fà.

Ní àkókò kan náà yìí ni agbára ń dé sí i. Ọmọ ẹṣin tí ó pé oṣù mẹ́fà ti ga ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gíga tí yóò ga nígbà tí ó bá dàgbà. Eyín iwájú rẹ̀ tí ó kẹ́yìn, àwọn tí ó wà ní igun ẹnu, sì ń yọ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, nítorí náà ẹnu rẹ̀ kì í lè dákẹ́. Ẹ wá wo ohun tí ó wà níwájú wa: ara tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti àgbà, ọkàn tí ó ṣì jẹ́ ti ọmọdé, àti ìyá tí kò sí nítòsí mọ́ láti bá a wí. Ibẹ̀ ni ìwà tí a ń ráhùn sí ti ń wá.

ÌMÚRASÍLẸ̀ ṢÁÁJÚ ỌJỌ́ ÌYAPA

Ọ̀pọ̀ wàhálà tí a ń bá jà lẹ́yìn ìyapa ni a lè dín kù ṣáájú rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì.

Èkíní, kí ọmọ náà ti mọ oúnjẹ tí yóò máa jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ó ti máa bá ìyá rẹ̀ jẹ koríko gbígbẹ, ewé ẹ̀pà, àti èérí ọkà díẹ̀. Bí ọmú bá lọ tán, kí oúnjẹ tí ó kù má ṣe jẹ́ àjèjì sí i.

Èkejì, kí ó ti mọ ọwọ́ ènìyàn. Kí a ti máa fọwọ́ pa á lára, kí a máa fi okùn sí i lórí, kí a máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ kí a sì sọ ọ́ kalẹ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì dúró tì í pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ohun tí ó bá kọ́ ní ojú ìyá rẹ̀ kò ní í dẹ́rù bà á lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe di ẹrù méjì rù ú lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ ìyapa kọ́ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́ ìtẹ̀dà tàbí ọjọ́ tí a ó kó o sínú ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ó sàn kí ìyá kúrò, kí ọmọ sì wà níbi tí ó ti mọ̀, láàárín ọgbà tí ó lágbára, tí kò ní wáyà ẹlẹ́gùn-ún.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe dá wà. Níbi tí abo ẹṣin àti ọmọ wọn bá pọ̀, kí a máa mú ìyá kan tàbí méjì kúrò lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ọmọ tí ó kù lè jẹ́ alábàárò fún ara wọn.

Kì í ṣe àṣà lásán ni èyí. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Waters, Nicol àti French, gbé àbájáde ìwádìí ọlọ́dún mẹ́rin jáde lórí ọ̀dọ́ ẹṣin 225. Wọ́n rí i pé àwọn tí a sé mọ́ inú ilé nígbà tí a já wọn lẹ́nu ọmú ni ó máa ń ní ìwà òdì ju àwọn tí a já lẹ́nu ọmú nínú pápá lọ. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ìwà fífi eyín di igi mú kí a sì máa gbé afẹ́fẹ́ mì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹṣin bá tó bí ogún ọ̀sẹ̀, èyí tí í ṣe àkókò tí ọ̀pọ̀ ń já wọn lẹ́nu ọmú. Ìwà tí a ń wò bí àbùkù ẹṣin ní ọdún mẹ́wàá ti ní gbòǹgbò nínú bí a ti ṣe é ní oṣù márùn-ún.

ÀWỌN ÌWÀ TÍ Ó Ń YỌNI LẸ́NU ÀTI BÍ A TI Ń TỌ́ WỌN

Bíbunijẹ. Ẹnu ni ọwọ́ ọmọ ẹṣin. Òun ni ó fi ń mọ ohun gbogbo. Akọ nínú wọn ni ó sì máa ń fi eyín ṣeré jù. Ènìyàn ni ó máa ń sọ eré náà di ìwà. A ń fi ọwọ́ fún un ní oúnjẹ, a ń fi ọwọ́ pa á ní imú, a ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá fa aṣọ wa. Nígbà tí eyín rẹ̀ bá wá le, a gbé pàṣán. Kí a fi oúnjẹ rẹ̀ sínú garawa, kì í ṣe sí àtẹ́lẹwọ́. Kí a fi ọwọ́ pa á ní èjìká àti ní ọrùn, kí a fi imú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá nawọ́ ẹnu wá, kí ó pàdé ìgbọ̀nwọ́ wa dípò ẹran ara wa, kí a sì mú un padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìpariwo. Kí a má ṣe gbá a lójú. Ọmọ ẹṣin tí a ń gbá lójú yóò kà á sí eré, yóò túbọ̀ yára bunijẹ. Bí kò bá kà á sí eré, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá orí fún gbogbo ọwọ́ tí ó bá gòkè, a kò sì ní í rí ìjánu fi sí i lẹ́nu nígbà tí ó bá dàgbà.

Títapá. Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì orí rẹ̀. Ó ń rí ọ̀nà jíjìn yípo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí ó dúró gan-an lẹ́yìn rẹ̀, kò sì rí ohun tí ó wà gan-an níwájú orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i kò yàtọ̀ sí ẹkùn lójú rẹ̀. Nítorí náà, kí a gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, kí a sọ̀rọ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án, kí ọwọ́ wa sì rìn láti èjìká lọ sí ẹ̀yìn láìjá kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá ń tapá nígbà tí a bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí a wé aṣọ mọ́ orí ọ̀pá gígùn kan, kí a máa fi pa ẹsẹ̀ náà láti ibi tí pátákò kò lè dé. Nígbà tí ó bá ń tapá, kí aṣọ náà dúró síbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú tí ó bá dákẹ́, kí a mú un kúrò. Báyìí ni yóò fi mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń mú ìtura wá. Bí ọmọ ẹṣin tí kì í tapá tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tapá, kí a kọ́kọ́ wá egbò, tàbí pátákò tí ó ń dùn ún, tàbí inú rírun. Kí a pe dókítà ẹran kí a tó pe ìwà náà ní agídí.

Títi ènìyàn àti kíkọ okùn. Ẹṣin kò mọ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá pé kí òun tẹ̀lé ohun tí ó ń fa òun. Bí a bá fà á, òun náà á fà padà. Bí a bá tì í, á fi ara tì wá. Ẹ̀kọ́ ni kí ó tó mọ̀ pé kí òun jọ̀wọ́ ara òun. Kí a fa okùn pẹ́pẹ́, kí a dúró. Bí ó bá gbé ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo sí ọ̀dọ̀ wa, kí a dẹ okùn lójú kan náà. Dídẹ okùn ni èrè rẹ̀. Òun ni ó fi ń yé e pé ohun tí ó ṣe tọ̀nà. Bí ó bá rọ̀ mọ́ ilẹ̀, kí a yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣí, kí a má ṣe bá a fa ìfà-ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Kí a má sì ṣe so ọmọ ẹṣin tí kò tíì mọ̀ láti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ mọ́ òpó kí a fi í sílẹ̀: ọrùn rẹ̀ ṣì rọ̀, ó sì lè fi ìjàkadì pa ara rẹ̀ lára títí ayé.

Fífi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Bí ọmọ ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ohun tí ara wa ń sọ ni pé kí a fa okùn wálẹ̀. Ewu ni. Bí a bá fà á, ó lè ṣubú sẹ́yìn kí ó fi orí gbálẹ̀. Kí a dẹ okùn díẹ̀, kí a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí a sì yí i rìn nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gòkè: ǹjẹ́ a ti kọ́ ọ, àbí a kàn ń fipá mú un?

Jíjẹ igi. Ọmọ ẹṣin tí ó ń jẹ òpó àti ilẹ̀kùn ń sọ fún wa pé ohun kan kù. Ó lè jẹ́ koríko, nítorí pé ẹṣin kì í ṣe ẹran tí ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ń wá koríko. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́, tàbí ààyè láti sáré. Ẹni tí ó kun ata sí òpó ti dí ẹnu ẹjọ́, kò tíì gbọ́ ẹjọ́.

ÀGBÀ LÁÀÁRÍN ỌMỌDÉ

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe yìí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, ìwádìí sì ti gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2012, Henry, Hausberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Rennes ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé, bí a bá fi àgbà ẹṣin tí kì í ṣe ìyá wọn sáàárín àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ìdààmú wọn a dín kù, ìjà àti ìwà òdì láàárín wọn a sì dín kù ju ti àwọn tí a kó jọ láìsí àgbà kankan lọ.

Ohun tí àgbà náà ń ṣe kò pọ̀. Ó ń jẹun ní ìdákẹ́jẹ́, àwọn ọmọ sì ń jẹun tì í. Bí ariwo bá dún, ó gbé orí sókè, ó rí i pé kò sí nǹkan, ó tún padà sí koríko rẹ̀. Àwọn ọmọ rí i, ọkàn wọn balẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣe àfojúdi, ó ká etí sẹ́yìn. Bí ọmọ náà kò bá gbọ́, ó fi eyín kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò lé e kiri ọgbà. Kò gbé ìbínú di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ irú àgbà tí a ó yàn. Àgbà ẹṣin oníjà, tí ń lé ọmọdé kúrò nídìí oúnjẹ, burú ju àìsí àgbà lọ.

ÌBÍNÚ, ÀKÓKÒ, ÀTI ÒFIN KAN

Ìbáwí tí ó bá pẹ́ kì í ṣe ìbáwí mọ́ lójú ẹṣin. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni ó ń so ohun tí ó ṣe pọ̀ mọ́ ohun tí ó bá a. Ẹni tí ọmọ ẹṣin bù jẹ, tí ó wọlé lọ mú pàṣán, tí ó padà wá lù ú, ti kọ́ ọ ní ohun kan ṣoṣo: pé ẹni tí ó bá jáde láti inú ilé ń bọ̀ wá lu òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin méjì kì í tọ́ ẹṣin kan. Bí bàbá bá ń lé e sẹ́yìn nígbà tí ó bá fi ara tì í, tí ọmọ ilé sì ń fún un ní oúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹṣin ni ó ń ṣe agídí. Ó ń dán gbogbo ọwọ́ wò láti mọ èyí tí ó ṣí sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án ní láti jọ fi ohùn ṣọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 2,400 sẹ́yìn, Xenophon, ọ̀gágun ará Áténì tí ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ Socrates, kọ ìwé kan lórí ẹṣin gígùn. Ó kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin, nítorí pé ìbínú kì í ro ẹ̀yìn ọ̀la, ó sì máa ń mú ni ṣe ohun tí a ó kábàámọ̀. Ó ní bí ẹṣin bá ń bẹ̀rù nǹkan, tí a sì ń lù ú, ẹ̀rù rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, nítorí pé yóò rò pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ni ó ń dun òun.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ mìíràn kan àwa òbí gan-an. Ó ní bí ènìyàn ti ń fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ ni kí ó ṣe fi ọmọ ẹṣin lé olùkọ́ ẹṣin lọ́wọ́: kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ nípa ohun tí yóò mọ̀ kí ó tó padà wálé. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi í ránṣẹ́, iṣẹ́ onílé ni láti rí i pé ọmọ ẹṣin náà ti ní ìwà pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ènìyàn ti mọ́ ọn lára, ó sì ti fẹ́ràn ènìyàn. Olùkọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé kò tíì dé. Àwa Yorùbá ti sọ ọ́ ní ọ̀nà tiwa pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ ÀTI ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹṣin. Orin Dáfídì kejìlélọ́gbọ̀n fi òye ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. A lè bi ọmọ léèrè ohun tí ó ń dùn ún, ó sì lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ ni ìjánu rẹ̀. Bí a bá wá lè mú irú sùúrù báyìí lò fún ẹran tí kò lè fọhùn, àwíjàre wo ni a ó ní bí a kò bá lò ó fún ọmọ tí a bí?

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá tí a gbé wá sí ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ti kúrò lẹ́nu ọmú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òmíràn ń sunkún lóru, òmíràn kò jẹun, òmíràn ń jà, òmíràn ń fèsì sí olùkọ́, òmíràn ń tọ̀ sí ibùsùn lẹ́yìn tí ó ti fi í sílẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kí a tó pe èyíkéyìí nínú wọn ní ọmọ burúkú, kí a ka ohun tí ó pàdánù.

Ẹ̀yin òbí, kí ó ti mọ oúnjẹ rẹ̀ kí ó tó dé: ẹ jẹ́ kí ó ti máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa tẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí ó ti sùn ní ilé ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà rí láìsí yín. Ẹ má ṣe di ẹrù méjì rù ú: bí ilé bá ń dàrú lọ́wọ́, ẹ sọ fún àwọn olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí òfin jẹ́ ọ̀kan. Òbí tí ó ń fi fóònù pamọ́ sí abẹ́ ìrẹsì ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, tí ó sì ń bínú nígbà tí a bá bá ọmọ náà wí, ń kọ́ ọ láti máa dán ọwọ́ wò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ ó rántí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí a fi yín sí lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn nínú yín rí ẹni tí ó fi ibi tí omi wà hàn án, tí ó kọ́ ọ bí a ti ń ṣe ohun gbogbo. Ẹlòmíràn rí ẹni tí ó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mọ ìyàtọ̀ tí ó ṣe. Nígbà tí ẹ bá wá bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, ẹ jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ni ẹṣin iwájú.

Àwa olùkọ́ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fi ìbínú gbé ọwọ́. Kí ìbáwí wa yá, kí ó kúrú, kí ọmọ mọ ìdí rẹ̀, kí ó sì parí lọ́jọ́ náà. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní sọ fún wa pé Hánà dúró títí ó fi já Sámúẹ́lì lẹ́nu ọmú kí ó tó mú un tọ Élì lọ ní Ṣílò. Lọ́dọọdún ni ó ń rán ẹ̀wù kékeré kan tí ó ń mú lọ fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò gbà á padà. Ìwé kan náà sọ pé Élì, tí ó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ yanjú, kò dá àwọn ọmọ tirẹ̀ lẹ́kun. Ìfẹ́ tí kò jìnnà àti ìbáwí tí kò sùn: ọmọ tí ó bá pàdánù ọ̀kan nínú méjèèjì kò tíì rí ìtọ́jú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Ìwà wo ni ó ń yọ wá lẹ́nu lára ọmọ wa nísinsìnyí? Kí ni ó pàdánù, tàbí kí ni ó ń bà á lẹ́rù, ní àkókò tí ìwà náà bẹ̀rẹ̀?

2. Ǹjẹ́ bàbá, ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n ń pa òfin kan náà mọ́ fún un, àbí ọwọ́ kan wà tí ó ṣí sílẹ̀?

3. Ìbáwí tí a fún un kẹ́yìn, ìgbà wo ni a fún un, irú ọkàn wo ni a sì fi fún un? Ǹjẹ́ ó mọ̀ nígbà tí ó parí?

4. Ta ni àgbà tí ọmọ wa ń wò sáré? Ǹjẹ́ a mọ ìwà ẹni náà?